Abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀, DNA ẹja àti awọ ara dúdú: kí ni wọ́n ń tà fún wa lórúkọ ìsọdọ̀tun?

Ọ̀rọ̀ tí àwọn ilé ìtọ́jú awọ ara fi ń polówó ọjà ti yí padà láàárín ọdún díẹ̀ sí ìsinsìnyí. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á ní àwọn yóò sọ yín di pupa láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ní báyìí, láti Lekki títí dé Peckham àti Houston, ohun tí ẹ ó rí lórí Instagram wọn ni pé àwọn fẹ́ sọ awọ ara yín dọ̀tun láti inú wá. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ yín, wọ́n á yí i nínú ẹ̀rọ, wọ́n á sì gún un padà sí ojú yín. Àwọn mìíràn á gún yín ní èròjà tí wọ́n yọ lára ẹja salmon, tàbí kí wọ́n da ohun tí wọ́n ń pè ní exosome lé ojú tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ lu. Ìlérí méjì ló máa ń wà nídìí rẹ̀: awọ tó ti ń hunjọ yóò nà, àbàwọ́n dúdú yóò sì pòórá.

Mi ò sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìmọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jinlẹ̀, ó sì ti gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láàárín ohun tí àwọn onímọ̀ ṣe ní yàrá ìwádìí àti ohun tí wọ́n ń tà ní ilé ìṣaralóge. Ọ̀nà náà tún jìn sí i fún àwa aláwọ̀ dúdú, torí pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi mú àbàwọ́n kúrò lè dá àbàwọ́n tuntun sí wa lára. Ohun mìíràn tún wà tí ìpolówó kì í mẹ́nu kàn, òun náà ló sì ká mi lára jù: púpọ̀ nínú àwọn tó ń san owó ńlá fún ìsọdọ̀tun yìí ló ṣì ń fi ìpara tó ń ba awọ ara jẹ́ para láràárọ̀.

Ibi tí àwọ̀ ti ń wá

Ní ìsàlẹ̀ ìpele òkè awọ ara ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń pè ní melanocyte. Àwọn ló ń ṣe mẹ́lánìn, èròjà tó fún wa ní àwọ̀. Iye wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lára òyìnbó àti lára ènìyàn dúdú. Ìyàtọ̀ wà nínú bí àpò kéékèèké tí mẹ́lánìn ń gbé ṣe tóbi tó, bó ṣe tàn kálẹ̀, àti bó ṣe pẹ́ tó kó tó fọ́. Melanocyte máa ń pín àwọn àpò wọ̀nyí fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí i ká, àwọn yẹn á sì kó wọn jọ sórí ibi tí DNA wọn wà, bí ẹni ṣí agbòòrùn sórí. Ohun tí mẹ́lánìn wà fún nìyẹn: kí ìtànṣán oòrùn má bàa ba DNA jẹ́. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1979 fi hàn pé ìpele òkè awọ dúdú ń dáàbò boni tó nǹkan bíi SPF (òṣùwọ̀n ààbò lọ́wọ́ oòrùn) 13, nígbà tí ti awọ funfun jẹ́ nǹkan bíi 3.

Ìdí nìyẹn tí ojú wa kì í fi í tètè hunjọ. Ẹni tó ti lé ní 50 ọdún nínú wa lè máà tíì ní ìlà kan tó hàn. Ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ fi ọjọ́ orí hàn lára wa ni àwọ̀ tí kò dọ́gba mọ́: ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó dúdú ju iwájú orí lọ, abẹ́ ojú tó ṣókùnkùn, àmì irorẹ́ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tó kọ̀ tí kò lọ. Àwọn kókó dúdú wẹ́wẹ́ tó máa ń hù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọrùn àgbà kò sí lára èyí o. Ẹran ara kékeré tí kò léwu ni wọ́n, wọ́n sábà máa ń wà nínú ìran, kò sì sí ìpara kan tó lè mú wọn kúrò. Dókítà ló ń fi iná mànàmáná jó wọn.

Àbàwọ́n tó wọ́pọ̀ jù láàárín wa ni èyí tí ọgbẹ́ tàbí wíwú fi sílẹ̀. Bí irorẹ́ bá wú, bí ẹ̀fọn bá jẹ ni, bí abẹ fífá irun bá ge ni, melanocyte á gbọ́ ariwo náà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mẹ́lánìn ní àṣejù. Bí àwọ̀ ara bá ṣe dúdú tó ni ìdáhùn yìí ṣe máa ń le tó. Èkejì ni melasma, èyí tó máa ń jókòó sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, iwájú orí àti òkè ètè, pàápàá lójú àwọn obìnrin. Oyún máa ń mú un wá, oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tó ní homonu náà máa ń mú un wá, oòrùn ló sì ń bọ́ ọ.

Ohun tó ń pinnu bóyá àbàwọ́n yóò tètè lọ ni bó ṣe jìn tó. Bí mẹ́lánìn tó pọ̀ jù náà bá wà ní ìpele òkè nìkan, awọ ara á máa ti í jáde díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń pààrọ̀ ara rẹ̀, ìyẹn sì lè gba oṣù mélòó kan sí ọdún kan. Ṣùgbọ́n awọ tínrín kan wà tó pààlà sáàárín ìpele òkè àti ìpele ìsàlẹ̀. Bí ààlà yìí bá ti bàjẹ́, mẹ́lánìn á jábọ́ sí ìsàlẹ̀, níbi tí awọ kì í ti í pààrọ̀ ara rẹ̀ kíákíá. Àbàwọ́n bẹ́ẹ̀ máa ń ní àwọ̀ eérú tàbí kó jọ búlúù, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Níbí gan-an ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí àti ọ̀rọ̀ àbàwọ́n ti pàdé. Nígbà kan, wọ́n rò pé melasma kì í ṣe ju àléébù melanocyte lọ. Nígbà tí àwọn oníṣègùn wò ó dáadáa lábẹ́ ẹ̀rọ awò, wọ́n rí i pé awọ tó wà níbẹ̀ ti gbó ju ti àyíká rẹ̀ lọ: oòrùn ti ba okùn tó ń jẹ́ kó nà jẹ́, ìṣàn ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ ti pọ̀ níbẹ̀, ààlà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti ya. Lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ajou, ní ìlú Suwon ní Gúúsù Korea, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn tótòtó dúdú tí ọjọ́ ogbó ń mú wá. Wọ́n rí i pé fibroblast, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń hun kọ́lájìn, okùn tó gbé awọ ró, nísàlẹ̀, ti gbó nídìí àwọn tótòtó náà, àti pé sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó yìí ló ń ti melanocyte òkè láti máa pọn àwọ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé bí ènìyàn bá tún ìsàlẹ̀ ṣe, òkè lè rọlẹ̀. Ìrètí tí ìtọ́jú ìsọdọ̀tun gbé ara lé nìyẹn, ìrètí tó ní ìdí sì ni.

Ohun tí ìsọdọ̀tun tòótọ́ ti ṣe

Ní ọdún 2015, wọ́n gbé ọmọkùnrin ọdún méje kan tó wá láti Síríà dé ilé ìwòsàn ní ìlú Bochum, ní Jámánì. Àrùn ìran kan mú kí awọ ara rẹ̀ máa bó láìdúró, nǹkan bí 80% ìpele òkè awọ rẹ̀ ló sì ti lọ. Wọ́n gé ègé awọ kékeré kan níbi tí kò tíì bàjẹ́ lára rẹ̀. Michele De Luca àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Modena, ní Ítálì, tún àbùkù tó wà nínú jíìnì àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ṣe, wọ́n sì gbìn wọ́n títí wọ́n fi di abala awọ tó lè bo ara rẹ̀. Àwọn dókítà Bochum bò ó mọ́ ọn lára, ó sì mú. Nígbà tí wọ́n ròyìn rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Nature ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, ọmọ náà ti padà sí ilé ìwé.

Iṣẹ́ kejì tún jọni lójú lọ́nà tirẹ̀. Shinya Yamanaka, ará Japan, ti fi hàn lọ́dún 2006 pé èròjà mẹ́rin péré lè dá sẹ́ẹ̀lì tó ti dàgbà padà sí bó ṣe wà ní ìbẹ̀rẹ̀, kó lè di ẹ̀yà ara yòówù. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí lọ́dún 2012. Lọ́dún 2022, àwọn onímọ̀ ní Babraham Institute, nítòsí Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú sẹ́ẹ̀lì awọ ara láti ara ẹni ọdún 53, wọ́n fi èròjà wọ̀nyí sí i fún ọjọ́ 13, wọ́n sì dá a dúró kó tó gbàgbé pé sẹ́ẹ̀lì awọ ni òun. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó hùwà bíi sẹ́ẹ̀lì tó fi nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kéré sí i. Inú abọ́ ni wọ́n ti ṣe é. Ẹnikẹ́ni kò tíì gún un sí ojú ènìyàn, nítorí ọ̀kan nínú èròjà mẹ́rin náà jẹ́ èyí tí a mọ̀ mọ́ àrùn jẹjẹrẹ.

Mo sọ nípa méjèèjì torí pé àwọn olùpolówó máa ń yá ògo irú iṣẹ́ báyìí. Tí ẹ bá gbọ́ "stem cell", ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó lè di ẹ̀yà ara mìíràn, nínú ìpara tó wà nínú ìgò, ẹ mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì ààyè kankan kò lè gbé inú ìgò ìpara lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù. Omi tí wọ́n fún lára ewéko ni púpọ̀ nínú wọn.

PRP, ẹ̀jẹ̀ ara ẹni

PRP (platelet-rich plasma), ìyẹn omi ẹ̀jẹ̀ tí platelet pọ̀ nínú rẹ̀, ló gbajúmọ̀ jù. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní apá, wọ́n á fi sínú ẹ̀rọ tó ń yí fìrìfìrì títí ẹ̀jẹ̀ pupa yóò fi rọ̀ sí ìsàlẹ̀, tí omi ìyeyè yóò sì gbé òkè. Inú omi yẹn ni wọ́n ti ń kó platelet jọ, àwọn ègé wẹ́wẹ́ tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nígbà tí a bá fara pa. Platelet ru èròjà tó ń pe àwọn sẹ́ẹ̀lì sí iṣẹ́ àtúnṣe. Bí wọ́n bá gún un sí ojú, fibroblast á gbà pé ọgbẹ́ wà, á sì hun kọ́lájìn tuntun. Ọ̀kan nínú èròjà náà, TGF-beta, tún máa ń dín agbára tyrosinase kù, ìyẹn ẹ́ńsáímù tí melanocyte fi ń ṣe mẹ́lánìn. Kim Kardashian fi àwòrán ojú rẹ̀ tó kún fún ẹ̀jẹ̀ hàn lọ́dún 2013, láti ìgbà náà ni ayé ti mọ̀ ọ́n sí "vampire facial".

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Fún dídán ojú àti ìlà wẹ́wẹ́, àwọn tó ṣe é máa ń rí ìyàtọ̀ díẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń sọ àgbà di ọmọdé. Ní ti melasma, Íńdíà àti Íjíbítì ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú ìwádìí rẹ̀. Àwọn kan tọ́jú ẹ̀gbẹ́ ojú kan, wọ́n fi èkejì sílẹ̀, wọ́n sì rí i pé ẹ̀gbẹ́ tó gba PRP mọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó kópa kò pọ̀, oṣù díẹ̀ ni wọ́n fi tẹ̀lé wọn, ilé ìwádìí kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọ̀nà tó ń gbà yí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń pè ní PRP níbì kan kì í ṣe ohun kan náà níbòmíràn. Melasma fúnra rẹ̀ sì jẹ́ àìsàn tó máa ń padà wá. Oṣù mẹ́ta kò tó láti fi dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ohun tí wọ́n máa ń fi pa ẹnu àwọn tó ń bẹ̀rù mọ́ ni pé "ẹ̀jẹ̀ ara yín ni." Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New Mexico ní Amẹ́ríkà.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2018, àyẹ̀wò fi hàn pé obìnrin kan tó ti lé ní 40 ọdún ní kòkòrò HIV. Kò gba ẹ̀jẹ̀, kò fi abẹ́rẹ́ gún oògùn olóró, ẹni tó bá lò pọ̀ kò ní àrùn náà. Ohun kan ṣoṣo tó rántí ni pé òun ṣe PRP ojú ní ilé ìṣaralóge kan ní Albuquerque. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ètò ìlera wọ ibẹ̀, wọ́n rí ìgò ẹ̀jẹ̀ tí kò ní orúkọ lára lórí tábìlì ilé ìdáná, wọ́n rí òmíràn nínú fíríìjì pẹ̀lú oúnjẹ, wọ́n sì rí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti tú kalẹ̀ káàkiri. Ibẹ̀ kò ní ìwé àṣẹ. Wọ́n tì í pa lọ́dún 2018 kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà tún jí lọ́dún 2023 nígbà tí wọ́n rí oníbàárà mìíràn. Àjọ CDC, tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2024: àwọn oníbàárà mẹ́ta ni gbogbo ẹ̀rí fi hàn pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kó kòkòrò HIV, kò sì sí ohun kan tó so wọ́n pọ̀ àyàfi ilé ìṣaralóge náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ènìyàn kó HIV nípasẹ̀ abẹ́rẹ́ ẹwà. Ẹni tó ni ilé náà gbà pé òun ṣe iṣẹ́ dókítà láìní àṣẹ, ó sì lọ sẹ́wọ̀n.

Ẹ̀jẹ̀ ara ẹni kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ara ẹni mọ́ bí ìgò kò bá ní orúkọ, bí wọ́n bá tún abẹ́rẹ́ lò, tàbí bí ọwọ́ tó fi kan ẹlòmíràn bá tún kan yín. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó jẹ wá lógún ní Nàìjíríà ju bó ṣe jẹ àwọn ará Albuquerque lọ. Ìwádìí ìjọba tí wọ́n ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè lọ́dún 2018 fi hàn pé nǹkan bí 8% nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ló ní hepatitis B, àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Kòkòrò rẹ̀ lè wà láàyè nínú ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sórí tábìlì fún ó kéré tán ọjọ́ méje. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún un, ẹni tó bá fẹ́ gbé ojú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti gún yẹ kó ti gbà á.

Exosome àti DNA ẹja

Exosome jẹ́ àpò tíńtìntín tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ sí sẹ́ẹ̀lì ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń tà á máa ń yọ ọ́ láti inú sẹ́ẹ̀lì olóbì, sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá, tàbí láti ara ewéko. Títí di báyìí, àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò tíì fọwọ́ sí ọjà exosome kankan fún ìtọ́jú ohunkóhun. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, àjọ náà kìlọ̀ fún aráàlú lẹ́yìn tí àwọn aláìsàn ní ìpínlẹ̀ Nebraska fara gbá nínú èyí tí wọ́n fún wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Yúróòpù, òfin ìṣaralóge kò fàyè gba kí wọ́n fi ohunkóhun tó ti ara ènìyàn wá sínú ìpara tàbí omi ìpara. Bí ẹ bá wà ní London tí wọ́n sì sọ fún yín pé exosome ènìyàn ni àwọn ń lò sójú, ohun tí òfin kọ̀ ni wọ́n ń sọ.

Èyí tí wọ́n ń pè ní DNA ẹja ni polynucleotide, tí wọ́n ń yọ láti inú àtọ̀ ẹja salmon tàbí trout. Gúúsù Korea ni ó ti gbilẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ nípa wíwo ọgbẹ́ ní ẹ̀rí díẹ̀ lẹ́yìn, ó sì lè mú kí awọ ara ní omi àti kí ó rọ̀. FDA kò tíì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí abẹ́rẹ́ ojú. Ní ti àbàwọ́n dúdú lára aláwọ̀ dúdú, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi owó oṣù rẹ̀ sí i. Ẹni tí ẹja máa ń bí nínú tàbí tó máa ń sọ ara di yíyún kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn rárá.

Abẹ́rẹ́ lórí awọ dúdú

Fífi abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ lu ojú, pẹ̀lú PRP tàbí láìsí i, dára fún wa ju iná laser púpọ̀ lọ. Mẹ́lánìn ni iná laser ń lépa, bí ó bá sì pọ̀ lára ènìyàn, iná náà kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín àbàwọ́n àti awọ tó wà ní àlàáfíà. Á jó méjèèjì. Laser onígbì gígùn tó jẹ́ nanometer 1064, tí wọ́n ń pè ní Nd:YAG, ló ṣeé ṣe fún wa jù, lọ́wọ́ ẹni tó ti fi awọ dúdú kọ́ṣẹ́. Abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ ní tirẹ̀ kì í lépa àwọ̀. Síbẹ̀ ọgbẹ́ ni gbogbo abẹ́rẹ́, a sì ti rí ohun tí ọgbẹ́ ń ṣe sí wa. Bí wọ́n bá lù ú jìn jù, bí irorẹ́ bá ṣì wà lójú, tàbí bí ẹ bá jáde sínú oòrùn lọ́jọ́ kejì, àbàwọ́n tuntun ni ẹ ó gbà bọ̀. Ẹni tí àpá rẹ̀ máa ń wú kókó tàbí tí irú rẹ̀ wà nínú ìdílé rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Àwọn rólà abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ìlò nílé nílò ìkìlọ̀ tirẹ̀. Orí rẹ̀ kì í ṣeé sọ di mímọ́ dáadáa, tẹ̀gbọ́n tàbúrò sì máa ń pín in lò nínú ilé. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń pín.

Ìpara tó ń wó ohun tí abẹ́rẹ́ fẹ́ kọ́

Mo fẹ́ dúró níbí díẹ̀. Lọ́dún 1975, ní South Africa, dókítà G. H. Findlay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàpèjúwe àwọn obìnrin dúdú tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti di búlúù dúdú, tó sì le gbagidi lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ìpara hydroquinone, èròjà tó ń bó àwọ̀, para fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n lo ìpara láti mú àwọ̀ kúrò, àwọ̀ sì rì sí ìsàlẹ̀. South Africa fòfin de hydroquinone nínú ìpara ìṣaralóge lọ́dún 1990. Hydroquinone kì í ṣe májèlé lọ́wọ́ dókítà tó fún ènìyàn ní 2% tàbí 4% fún oṣù mẹ́ta tó sì dá a dúró. Wàhálà rẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn ń fi í para láti orí dé ẹsẹ̀ fún ogún ọdún.

Èyí tó burú ju ìyẹn lọ fún ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí ni clobetasol àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn sítẹ́rọ́ìdì tó wà nínú ìpara pípò tí wọ́n ń tà ní ọjà wa láìsí ìwé dókítà. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti mú wíwú rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún ń dá fibroblast dúró kó má hun kọ́lájìn. Awọ á tín-ín-rín, ìṣàn ẹ̀jẹ̀ á hàn lójú, ara á ya, ọgbẹ́ kò ní tètè jinná, kódà àwọn oníṣẹ́ abẹ máa ń ráhùn pé awọ náà kì í gba òwú. Èrò mi ni pé ẹni tó bá ń fi irú ìpara yìí para tó tún ń sanwó PRP ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun tí abẹ́rẹ́ fẹ́ pe fibroblast láti kọ́ ní Sátidé, ìpara ń wó o ní Sunday. Àwọn ìpara kan sì tún ní mákúrì, èyí tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojisola Adeyeye, ọ̀gá àgbà NAFDAC, kéde pé bíbó ara ti di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì fún ìlera orílẹ̀-èdè. Ní London, ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Southwark ti gbé àwọn oníṣọ́ọ̀bù lọ sílé ẹjọ́ nítorí ìpara wọ̀nyí.

Ohun tó ní ẹ̀rí lára wa

Tretinoin, tó jẹ́ ẹbí fítámì A, ni mo kà sí ohun tó sún mọ́ ìsọdọ̀tun jù nínú ohun tí owó ènìyàn lè ká. Ó ń mú kí fibroblast hun kọ́lájìn, ó sì ń mú kí ìpele òkè tètè pààrọ̀ ara rẹ̀. Lọ́dún 1993, àwọn dókítà ní Yunifásítì Michigan tẹ ìwádìí jáde lórí aláwọ̀ dúdú 54 tí ọgbẹ́ àti irorẹ́ ti dá àbàwọ́n sí lára. Ọ̀sẹ̀ 40 ni wọ́n fi lò ó, àbàwọ́n àwọn tó lo tretinoin sì lọ sílẹ̀ ju ti àwọn tó lo ìpara lásán. Ọ̀sẹ̀ 40, ẹ kíyè sí i. Ó máa ń ta awọ ara ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ìwọ̀n kékeré ni wọ́n ń fi bẹ̀rẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, lálẹ́. Aláboyún kò gbọdọ̀ lò ó. Azelaic acid ló rọrùn fún wọn. Tranexamic acid, oògùn tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, náà ń ṣiṣẹ́ lórí melasma, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbé oníhóró rẹ̀ mì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí dókítà yẹ òun wò nítorí ewu pé ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan.

Lẹ́yìn èyí, oòrùn ló kù. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé mẹ́lánìn tó. Fún jíjó oòrùn, ó ràn wá lọ́wọ́. Fún àbàwọ́n, kò tó. Ní ọdún 2010, àwọn oníṣègùn ní ilé ìwòsàn Henry Ford ní Detroit tan ìmọ́lẹ̀ lásán, èyí tí ojú lè rí, sára àwọn ènìyàn. Àwọ̀ àwọn tó dúdú ṣú sí i, ó sì pẹ́ kó tó lọ. Ti àwọn tó funfun kò yí padà. Ọ̀pọ̀ ìpara oòrùn tó jẹ́ funfun kì í dí ìmọ́lẹ̀ yìí. Èyí tó ń dí i ni ìpara oòrùn aláwọ̀ tó ní iron oxide nínú, èyí tó tún yọ wá kúrò nínú ojú eérú tí ìpara oòrùn funfun máa ń fún wa. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Bí ẹ kò bá sì tí ì máa lò ó lójoojúmọ́, kò sí PRP tí yóò dúró lójú yín.

Ẹni tó bá ṣì pinnu láti gba abẹ́rẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé àṣẹ dókítà tó máa gún un, láti rí i kí wọ́n ya abẹ́rẹ́ tuntun níwájú rẹ̀, láti rí orúkọ tirẹ̀ lára ìgò ẹ̀jẹ̀ kí ìgò náà tó kúrò lójú rẹ̀, àti láti wo àwòrán àwọn tí àwọ̀ wọn jọ tirẹ̀, tí wọ́n yà ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìtọ́jú. Bí ibẹ̀ bá sọ pé àwọn kò ní irú àwòrán bẹ́ẹ̀, kó máa lọ sílé.

Ẹni tó sì ti ń fi ìpara pípò para gbogbo ara fún ọ̀pọ̀ oṣù kò gbọdọ̀ kàn dá a dúró lójijì. Sítẹ́rọ́ìdì tó ti wọ inú ara lè ti sọ ẹṣẹ́ (gland) orí kíndìnrín, tó ń ṣe homonu cortisol fún wa, di ọ̀lẹ, bí ìpara bá sì dúró lẹ́ẹ̀kan náà, àárẹ̀, èébì àti ìfúnpá tó lọ sílẹ̀ lè gbé ènìyàn dé ilé ìwòsàn. Kó lọ sí ẹ̀ka awọ ara ní ilé ìwòsàn ńlá tó bá sún mọ́ ọn, kó mú ike ìpara náà dání, kó sì jẹ́ kí wọ́n wọn cortisol òun láàárọ̀. Àwọn ni yóò sọ bí yóò ṣe máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, àti ìgbà tí awọ rẹ̀ yóò lágbára tó láti gba ìtọ́jú mìíràn.